Ajá Ìṣọ́ Inú Ẹ̀rọ Ìsàba

Ọkùnrin kan wà tó mọ ẹ̀rọ ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ẹ̀rọ rẹ̀ nígbà tó bá ṣubú.

Má wo ẹnu ọ̀nà, Ajíbóyè. Mo mọ̀ pé ìtàn kọ́ lo wá gbọ́. O wá bi mí ohun tí wàá ṣe, nítorí pé ìyàwó rẹ kó aṣọ rẹ̀ lọ sílé ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, kò sì tíì padà. O ní kò sí ìjà. O ní gbogbo ẹni tó bi yín léèrè, àlàáfíà lo sọ fún wọn. O ní aṣọ nìkan ló kó, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ṣì wà lójú fèrèsé níbi tó máa ń wà. Gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́. Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́ iná mànàmáná nígbà tí irùngbọ̀n kò tíì hù ní àgbọ̀n rẹ, nítorí náà ẹ̀rọ ni màá fi bá ọ sọ̀rọ̀. Fìdí mọ́lẹ̀, kí o jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Ẹ̀rọ ìsàba ni ọkùnrin tí mò ń wí yìí ń ṣe. Ìwọ náà ti rí i rí: àpótí ńlá tó ń ṣe iṣẹ́ àgbébọ̀, tó ń mú ẹyin gbóná títí tí yóò fi pamọ. Pákó ló fi ń kan ara àpótí náà. Gílóòbù ló fi ń mú un gbóná, fáànù kékeré kan sì ń fẹ́ ooru náà káàkiri. Àtẹ tí ẹyin wà lórí rẹ̀ á dà sí ọ̀tún, á tún dà sí òsì, nítorí àgbébọ̀ pàápàá a máa fi ẹnu yí ẹyin rẹ̀ padà. Ohun tó ń darí gbogbo rẹ̀ ni ọpọlọ kan báyìí, dúdú, kò tó èékánná àtàǹpàkò. Inú ọpọlọ yìí ni ọkùnrin náà kọ àṣẹ sí. Wo bí ooru ṣe pọ̀ tó. Bí ó bá dín, tan gílóòbù. Bí ó bá pọ̀ jù, pa á. Bèèrè lọ́wọ́ òṣùwọ̀n bóyá omi tó nínú afẹ́fẹ́. Yí àtẹ padà. Lẹ́yìn náà, padà síbi tí o ti bẹ̀rẹ̀. Ọpọlọ náà kì í sùn, kì í jẹun, kì í sọ pé òun ń lọ kí àna òun.

Ó ṣe ọ̀kan fún obìnrin kan tó ń sin adìẹ. Kì í ṣe adìẹ òyìnbó o. Adìẹ ìbílẹ̀ ni, ẹ̀yà kan tí ìyá ìyá obìnrin náà ti ń sìn kí wọ́n tó bí i. Ìyẹ́ wọn pupa, ìrù wọn dúdú, wọn kò tóbi, ṣùgbọ́n wọn kì í fi ọmọ sílẹ̀. Irú wọn kò sí mọ́ ní gbogbo agbègbè yẹn àfi lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá ń sọ̀rọ̀ nípa wọn, wàá rò pé ìdílé kan ló ń wí.

Iná máa ń wá sí ìlú tí obìnrin yìí ń gbé bí àlejò tí kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Yóò lọ láìdágbére, bí ó bá sì ń bọ̀, yóò fi agbára ti ilẹ̀kùn wọlé. Lọ́jọ́ kan ó wọlé bẹ́ẹ̀, ọpọlọ ẹ̀rọ sì dákú. Kò kú o. Ó bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ òṣùwọ̀n tó ń wo omi inú afẹ́fẹ́, òṣùwọ̀n kò dáhùn, ó sì dúró dè é. Ó dúró, ó dúró. Ẹni tó kọ àṣẹ sínú rẹ̀ kò sọ ohun tí yóò ṣe fún un bí ìdáhùn kò bá dé. Gílóòbù tó ti kú wà ní kíkú bẹ́ẹ̀. Nígbà tí obìnrin náà yóò fi ṣí ilẹ̀kùn àpótí, ẹyin ti tutù nini. Kò sí èyí tó pamọ nínú wọn.

Ó dun obìnrin náà gan-an. Ṣùgbọ́n ara àwọn àgbébọ̀ rẹ̀ dá, wọ́n ṣì ń yé. Ó pe ọkùnrin náà, ó ní, "Ẹ wá tún un ṣe, ẹ jọ̀ọ́. A kì í bínú orí ká fi fìlà dé ìbàdí."

Ọkùnrin náà mọ oògùn àìsàn yìí. Àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní ajá ìṣọ́. Kì í gbó, kì í sì jẹ eegun. Kíkà ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọlọ, ó ń ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta, títí dé ibi tí wọ́n dá fún un. Bí ọpọlọ bá ti ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ yí ká, yóò kí ajá náà lẹ́ẹ̀kan, ajá á sì padà sí oókan. Ṣùgbọ́n bí ajá bá kà dé òpin láìgbọ́ ìkíni, kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè. Yóò bu ọpọlọ jẹ. Ìyẹn ni pé yóò pa á, yóò sì tún un tàn lójú ẹsẹ̀. Ọpọlọ á jí bí ẹni tó jí lójú oorun, á padà sí àṣẹ àkọ́kọ́, á máa bá iṣẹ́ lọ. Ìbùjẹ náà kò ní oró kankan. Àánú ni.

Ọkùnrin náà kọ ajá sínú ẹ̀rọ, ó sì kọ ọ́ bó ṣe yẹ. Ìparí iṣẹ́ ló fi ìkíni sí, kó jẹ́ pé bí iṣẹ́ kò bá parí, kò sẹ́ni tí yóò kí ajá. Ká ní ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni, n kì bá ní ìtàn tí màá sọ fún ọ lónìí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àtẹ máa ń há. Mọ́tọ̀ á máa tì í, á máa tì í, àsìkò á sì máa lọ. Ajá á kà tán, á bu ọpọlọ jẹ, gbogbo iná ẹ̀rọ á kú, wọ́n á tún tàn. Obìnrin náà kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn kan wá wo ẹ̀rọ náà, àwọn tí ọkùnrin yìí ń retí pé wọ́n á ní kí òun ṣe tiwọn náà. Ojú wọn ni ẹ̀rọ ti kú, tó tún jí. Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ̀rọ yín ń tòògbé ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Ohun tó yẹ kó ṣe ni kó tú àtẹ tó ń há wò, kó fi gírísì sí i. Ajá tó ń sọ òótọ́ ló bínú sí. Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó yọ ìkíni kúrò ní ìparí iṣẹ́. Agogo kan wà nínú ọpọlọ náà tó ń lù fúnra rẹ̀, iṣẹ́ ì báà máa lọ, kó máà lọ. Ara agogo yẹn ló so ìkíni mọ́. Ó pa á láṣẹ pé nígbàkigbà tí agogo bá lù, kí wọ́n kí ajá. Lẹ́yìn náà ó tún fi iná kékeré aláwọ̀ ewé kan síwájú àpótí, ó so ìyẹn náà mọ́ agogo, kó lè máa ṣẹ́jú kí gbogbo ẹni tó bá wọlé lè rí i pé àlàáfíà ni.

Láti ọjọ́ náà, ajá kò bu ẹnikẹ́ni jẹ mọ́. Àwọn àlejò yin ẹ̀rọ náà. Obìnrin tó ni ín pàápàá kì í ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ lemọ́lemọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Bí ó bá ń kọjá, yóò wo iná aláwọ̀ ewé, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, á bá tirẹ̀ lọ.

Ṣé o ti ń rí ibi tí mò ń lọ, Ajíbóyè? Má tíì dáhùn. Ìdáhùn tìrẹ máa ń yá jù.

Nígbà tí ọyẹ́ mú, àrùn wọ inú àwọn adìẹ ìlú náà. Ilé dé ilé ni wọ́n ń kú. Obìnrin náà lo oògùn, ó ya àwọn tó ń ṣàìsàn sọ́tọ̀, ó fọ ilé adìẹ pẹ̀lú eérú, kò gbọ́. Àkùkọ kọ́kọ́ lọ, àwọn àgbébọ̀ sì tẹ̀lé e. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ilé adìẹ rẹ̀ dákẹ́. Ohun tó kù fún un nínú ohun tí ìyá ìyá rẹ̀ fi lé wọn lọ́wọ́ ni àtẹ ẹyin kan tó ti kó sínú àpótí kí àrùn tó dé. Bí wọ́n bá pamọ, adìẹ tún wà. Bí wọn kò bá pamọ, ó parí nìyẹn, nítorí kò sí ọjà tí èèyàn ti lè rí irú wọn rà.

Àwọn ará àdúgbò wá bá a dárò. Ó sọ fún wọn pé, "Ẹyin ṣì ń bẹ nínú àpótí. Ọlọ́run kò gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ mi."

Ó wá di ọ̀sán ọjọ́ kan, iná lọ, ó tún fi agbára dé. Obìnrin náà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, ó rí iná aláwọ̀ ewé tó ń ṣẹ́jú, ó jáde lọ sá ẹ̀gẹ́ tó bó. Nígbà tó padà wọlé, ó fẹ́ bu omi sínú abọ́ tó wà nísàlẹ̀ àpótí, ó sì ṣí ilẹ̀kùn. Ooru tó máa ń gbá a lójú kò gbá a. Ó mú ẹyin kan, ó fi kan ìpéǹpéjú rẹ̀ bí àwọn ọlọ́sìn adìẹ ti ń ṣe. Ó ti tutù. Ó wo iwájú àpótí. Iná aláwọ̀ ewé ń ṣẹ́jú sí i, bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe ẹnikẹ́ni.

Kò pariwo. Ó fa ìborùn rẹ̀ yọ, ó fi bo àtẹ ẹyin náà. Ó gbé ìkòkò omi gbígbóná wọ abẹ́ rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Ìgbà náà ló tó pe ọkùnrin ẹlẹ́rọ lórí fóònù. Ó ní, "Iná yín ní àlàáfíà ni. Ẹyin mi ti tutù. Ẹ máa bọ̀."

Ọkùnrin náà kò dúró wẹ̀. Nígbà tó dé, ó pa ẹ̀rọ, ó tún un tàn, gbogbo gílóòbù sì mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyẹn ni pé ọpọlọ kò bàjẹ́, ó kàn há síbi kan ni. Ó wo obìnrin náà, ó ní, "Mà, ṣé ẹyin wọ̀nyí ṣì lè yè?"

Obìnrin náà ní, "Àgbébọ̀ náà máa ń dìde lọ jẹun. Bí òtútù bá mú ẹyin díẹ̀, kì í pa á. Ṣùgbọ́n n kò mọ ìgbà tí èyí ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ yín ló yẹ kó mọ̀."

Ọkùnrin náà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti gba afẹ́fẹ́ sára. Ẹ̀gbọ́n obìnrin náà jókòó síbẹ̀, ó ń ka ìwé ìròyìn. Èèyàn kì í torí ìbànújẹ́ kọjá lára àgbà láìkí i, nítorí náà ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Ilé ńkọ́? Màmá ńkọ́?"

Ẹ̀gbọ́n kò gbójú kúrò nínú ìwé. "Wọ́n wà o. Àlàáfíà ni. A dúpẹ́."

Ohùn kan jáde láti ojú fèrèsé yàrá tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá àgbàlagbà tí wọ́n ń bèèrè ni. Ìyá ní, "Ta ló sọ fún un?"

Ẹ̀gbọ́n yí ojú ewé ìwé ìròyìn rẹ̀.

"Mo ní ta ló sọ fún un pé àlàáfíà ni mo wà? Láti àárọ̀ ni orúnkún ti dè mí mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ṣé o wọlé wá wò mí?"

Ẹ̀gbọ́n náà ká ìwé rẹ̀. "Màmá, ìkíni lásán ni. Ohun tí gbogbo ayé ń sọ náà ni mo sọ."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Bí mo bá kú sínú yàrá yìí, wàá ṣì jókòó síta níbẹ̀, wàá máa bá mi dúpẹ́. Ẹni tí wọ́n kí ni kó dáhùn!"

Ẹ̀rín pa wọ́n. Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó dìde, ó wá òrí lọ láti fi wọ́ orúnkún ìyá rẹ̀. Obìnrin tó ni ẹyin náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú, bí inú rẹ̀ kò tilẹ̀ dùn. Ọkùnrin ẹlẹ́rọ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró sójú kan, ọ̀rọ̀ ìyá ń lọ, ó ń bọ̀ nínú rẹ̀. Agogo tí òun so ìkíni mọ́, ẹ̀gbọ́n tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gan-an ni. Kò ro ibi sí ẹnikẹ́ni. Ó kàn jẹ́ pé kò wọ yàrá ni. Òun, ẹlẹ́rọ, ló gbé e síta tó ní kó máa dáhùn fún àwọn tó wà nínú ilé, nítorí pé ojú yóò ti òun bí àlejò bá mọ̀ pé orúnkún ń dun ẹnì kan.

Ó jókòó sórí àga tí ẹ̀gbọ́n dìde kúrò lórí rẹ̀, ó gbé kọ̀ǹpútà lé ẹsẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ó kọ́kọ́ já ìkíni kúrò lára agogo. Lẹ́yìn náà ó lọ bá iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan níbi tó wà nínú àṣẹ. Ó sọ fún èyí tó ń wo ooru pé, bí o bá wò ó tán, fi àmì tìrẹ sílẹ̀. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún èyí tó ń tan gílóòbù, ó sọ ọ́ fún èyí tó ń bèèrè ọ̀rọ̀ omi, ó sọ ọ́ fún èyí tó ń yí àtẹ. Fojú inú wò ó bí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lóko tí olúkúlùkù ń fi òkúta tirẹ̀ sínú igbá bó bá ti kọ ebè rẹ̀ tán. Ó wá yan alábòójútó kan tí yóò máa wo igbá. Bí gbogbo òkúta bá pé, alábòójútó á kí ajá, á da igbá nù, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Bí ẹyọ òkúta kan kò bá sí níbẹ̀, kò gbọ́dọ̀ kí ajá. Kò gbọ́dọ̀ bá ẹnikẹ́ni fi òkúta síbẹ̀.

Èyí tó ń yí àtẹ, ọkùnrin náà mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ̀ máa ń pẹ́, nítorí náà ó fún ajá ní àyè láti ka jìnnà díẹ̀ sí i. Ó sì dìde lọ fi gírísì sí àtẹ, ohun tó yẹ kó ti ṣe tipẹ́.

Ohun méjì ló tún ṣe tí mo fẹ́ kí o fiyè sí. Ó rí i pé bí ọpọlọ bá jí lẹ́yìn ìbùjẹ, yóò máa ṣe bí ọmọ tuntun, yóò gbàgbé bí ẹyin ti pẹ́ tó nínú àpótí. Ó bá kọ ọjọ́ orí ẹyin síbi tí ìbùjẹ ajá kò lè pa á rẹ́, kí ẹ̀rọ lè padà sí ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìpàdánù ohun tó ti kọjá. Ó tún yọ iná aláwọ̀ ewé. Iná pupa kékeré ló fi rọ́pò rẹ̀, èyí tí yóò tàn bí ajá bá ti bu ọpọlọ jẹ, tí yóò sì wà ní títàn títí ẹnì kan yóò fi wá wò ó.

Obìnrin náà bi í pé, "Ṣé yóò tún máa kú, kó máa jí lójú àlejò nìyẹn?"

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ojú á tì mí díẹ̀."

Obìnrin náà ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi wá rẹ́rìn-ín. Èmi ẹyin ni mo ń wá."

Nígbà tó ṣe, obìnrin náà yẹ ẹyin wò. O mọ bí wọ́n ti ń ṣe é: wọ́n á di fèrèsé, wọ́n á gbé ẹyin síwájú tọ́ọ̀ṣì, inú rẹ̀ á sì hàn. Èyí tó kọ́kọ́ gbé ṣú, kò mira. Èkejì náà rí bẹ́ẹ̀. Ó gbé òmíràn, ó rí iṣan pupa wẹ́wẹ́ káàkiri inú rẹ̀, ohun dúdú kékeré kan sì yí padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tí wọ́n dí lọ́wọ́ oorun. Ó jókòó sílẹ̀. Ó sunkún, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó tún dìde yẹ ìyókù wò. Àwọn tó kú wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń mira pọ̀ jù wọ́n lọ.

Iná tún fi agbára dé lẹ́yìn ìyẹn, nítorí ìlú kò tíì yí padà. Obìnrin náà dúró níwájú àpótí, kẹ́tùlù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gílóòbù kú, kò tàn. Òṣùwọ̀n omi ti tún dákẹ́, ọpọlọ ti tún dúró dè é, òkúta kan dín nínú igbá. Alábòójútó kò kí ajá. Ajá kà dé òpin, ó bu ọpọlọ jẹ, gbogbo ẹ̀rọ ṣú. Kí obìnrin náà tó lè gbé kẹ́tùlù sílẹ̀, gílóòbù ti tàn, fáànù ti ń fẹ́, iná pupa sì mọ́ níwájú. Ó fọwọ́ lu àpótí náà jẹ́jẹ́. Ó ní, "O ṣeun, ajá."

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n pamọ, ìró ẹnu wọn lára èèpo ẹyin ló kọ́kọ́ gbọ́. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró wò wọ́n títí iṣẹ́ àárọ̀ fi pẹ́. Nígbà tí ọmọ adìẹ àkọ́kọ́ gbẹ tán, ó gbé e lọ fún ìyá nínú yàrá. Ìyá fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbà á, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó ní, "Ṣé dáadáa lo jí?"

Ọmọ adìẹ ké tòò.

Ìyá ní, "Ẹ gbọ́ bí? Òun ló dáhùn fúnra rẹ̀."

Ó tán, Ajíbóyè. Ọ̀rọ̀ rẹ ló kù.

Nígbà ìkórè tó kọjá, ẹ̀yin méjèèjì lẹ dúró níwájú mi nínú ọgbà ìjọ. Mo ní, "Ìyàwó wa ńkọ́?" Òun ni mo ń wò nígbà tí mo sọ ọ́. O ní, "Ó wà, sà, a dúpẹ́," kí n tó pa ẹnu dé. Ó ti la ẹnu, ó sì tún un pa dé. O kò purọ́ láti ṣe ibi. Ó kàn jẹ́ pé o kò wọ yàrá ni. Ẹnu rẹ ń lù fúnra rẹ̀, iṣẹ́ ì báà máa lọ, kó máà lọ, gbogbo wa sì ń rí iná aláwọ̀ ewé lójú rẹ. O sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan pé o kò fẹ́ kí ayé gbọ́ ohun tó wà nínú ilé rẹ. Ayé kò gbọ́ nǹkan kan. Ìwọ náà kò gbọ́.

O ní ìyàwó rẹ tú ilé ká. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ó kà títí, kò gbọ́ ìkíni tó ti inú iṣẹ́ wá, ó sì pa iná ilé náà kó lè tún tàn. Ẹni tó ń lọ pátápátá kì í fi ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sílẹ̀ lójú fèrèsé, Ajíbóyè. Ọdún tí ẹ ti jọ lò wà ní àkọsílẹ̀ níbi tí kò lè parẹ́. Ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni wọ́n dá ọ padà sí, wọn kò sọ ọ́ di àpọ́n.

Lọ síbẹ̀ lónìí. Àna rẹ á kí ọ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní ṣé àlàáfíà ni. Sọ fún wọn pé kì í ṣe àlàáfíà. Ojú á tì ọ́, jẹ́ kó tì ọ́. Lẹ́yìn náà, kí ìyàwó rẹ. Bi í pé ṣé dáadáa ni, kí o sì pa ẹnu rẹ mọ́. Bí ó bá pẹ́ kó tó dáhùn, dúró. Ẹyin tó ti tutù kì í gbóná lójú kan náà. Má bá a fi òkúta rẹ̀ sínú igbá. Ohunkóhun tó bá sọ, òun lo fẹ́ gbọ́.

Dìde báyìí. Jẹ́ kí n gbé fìlà rẹ fún ọ.